Lẹ́tà P méjì: fọ́tò tí gbogbo ayé rí, tí Koudelka ò lè ní òun lòun yà á

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fóònù méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ, èèpo ẹ̀ dúdú, kò wúwo, ó wọ àpò kóòtù. Photo Poche ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ ìwé yẹn, àwọn Faransé ló ń tẹ̀ ẹ́, Robert Delpire ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1982, ohun tó sì ní lọ́kàn ni pé kí ìwé fọ́tò yéé jẹ́ nǹkan ràgàjì tí olówó ń gbé sórí tébù pálọ̀ fi ṣe fáàrí, kí sítúdẹ́ńtì tí ò ní ju owó ọkọ̀ lọ náà lè rí i rà. Nọ́ńbà 15 nínú ẹ̀ ni ti Josef Koudelka, ọmọ Czech, ó jáde ní 1984. Ẹ fi 1984 yẹn sọ́kàn fún mi, a máa padà bá a.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin o, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni, torí mo ṣàkíyèsí pé ààbọ̀ ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sọ. Wọ́n á ní òun ló ya fọ́tò nígbà tí tánkì Rọ́ṣíà wọ Prague, wọ́n á ní ó gba àmì ẹ̀yẹ ńlá nídìí ẹ̀, ó tán. Wọn kì í sọ pé lásìkò tí fọ́tò yẹn ń káàkiri ayé, tí wọ́n ń gbé àmì ẹ̀yẹ kalẹ̀ fún un, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló mọ ẹni tó yà á, àti pé ẹni náà gan-an ń rìn láàárín àwọn èèyàn, ó panu mọ́, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ní kó má pè ní tòun.

Boskovice ni wọ́n ti bí i, ìlú kékeré kan ní agbègbè Moravia, ní 1938. Iṣẹ́ ẹnjiníà bàálù ló kọ́, ó sì fi ṣiṣẹ́ jẹun ní Prague àti Bratislava láti 1961 títí di 1967 kó tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Fọ́tò tó ń yà nígbà yẹn, ọ̀nà méjì pàtàkì ló pín sí, tíátà àti àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó fọ́n káàkiri Yúróòpù, tí àwọn kan ń pè ní Gypsy. Mágásíìnì kan tó ń jẹ́ Divadlo ló ń ya ti tíátà fún, lẹ́yìn ìyẹn ó bá ẹgbẹ́ Otomar Krejča ṣiṣẹ́, ìyẹn Divadlo za branou, ẹ rọra máa pè é. Ti Roma, kò sẹ́ni tó rán an. Á gbé àpò ẹ̀, á forí lé àwọn ibùdó wọn ní Slovakia, á bá wọn jókòó, á gbọ́ orin wọn, á yà wọ́n nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, àga àti ọmọ kún fọ́fọ́, tí kò sáyè kéèyàn sún mọ́yìn. Ibi tí lẹ́ńsì gbígbòòrò ti wúlò nìyẹn, Flektogon 25mm lórí kámẹ́rà Exakta. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò nínú fésímiyú rí á mọ ohun tí mò ń sọ, bí lẹ́ńsì ẹ bá há, ìdajì ojú ẹnì kan ṣoṣo lo máa bá délé.

Mo ń tẹnu mọ́ lẹ́ńsì yìí torí òun ló bá a wọ ìgboro ní 1968. Kò ya ìròyìn rí. Kò bá iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kankan ṣe. Ẹni tó ń ya èèyàn nínú yàrá tóóró ni, ẹni tó ń ya eléré lórí ìtàgé ni, ìyẹn nìkan ló gbé dání.

Ní oṣù kìíní 1968, Alexander Dubček di olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní Czechoslovakia, wọ́n tú ẹnu oníwèé ìròyìn sílẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ fàlàlà, Moscow ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Òru 20 mọ́jú 21 oṣù kẹjọ ni wọ́n wọlé, sójà Soviet pẹ̀lú ti Poland, Hungary àti Bulgaria. Koudelka ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Romania dé, níbi tó ti lọ ya àwọn Roma, kò tíì ju bí ọjọ́ méjì lọ tó dé, ẹ gbà mí! Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló pè é lórí fóònù lóru pé àwọn Rọ́ṣíà ti dé, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfi ìgbà tó gbọ́ ìró bàálù lókè. Ẹnjiníà bàálù sì ni, kò nílò kẹ́nì kankan túmọ̀ ìró yẹn fún un. Ó kó kámẹ́rà àti fíìmù, ó jáde.

Ọjọ́ méje ló fi wà níta. Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú fọ́tò wọ̀nyẹn, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé iná àti ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́, pàápàá níwájú ilé rédíò ní òpópónà Vinohradská, tí àwọn ará ìlú ti fi bọ́ọ̀sì àti tírélà dí ọ̀nà kí sójà má baà gba rédíò lọ́wọ́ wọn, tánkì jóná níbẹ̀, èèyàn sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ẹnu àti ojú. Ọ̀dọ́kùnrin tó na ìka sí sójà orí tánkì, tó ń bá a jiyàn. Obìnrin tó ń sunkún láàárín èrò. Iléèwé ni wọ́n ti fi dandan kọ́ àwọn ọmọ Czech ní èdè Rọ́ṣíà, wọ́n wá ń fi èdè yẹn náà bi àwọn sójà pé kí lẹ wá ṣe níbí, àwọn sójà míì kéré lọ́jọ́ orí débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn gan-an. Koudelka máa ń sún mọ́ wọn gan-an, ó gun orí tánkì nígbà míì, lẹ́ńsì gbígbòòrò yẹn sì ń mú ojú ẹni tó wà nítòsí àti òpópónà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pọ̀ nínú fọ́tò kan ṣoṣo, bíi pé inú yàrá àwọn Roma ló ṣì wà.

Fọ́tò kan wà nínú wọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àmì ọ̀rọ̀ náà lápapọ̀. Apá èèyàn kan ló yọ síwájú, wọ́ọ̀ṣì wà lọ́rùn ọwọ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni gbàgede Václavské náměstí, ojúde ńlá ìlú Prague, tó lọ salalu láìsí ẹyọ èrò kan tó dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ kí aago jẹ́rìí pé ní wákàtí yìí, ibí yìí, báyìí ló rí. Mo fẹ́ràn fọ́tò yẹn torí kò sí akọni nínú ẹ̀. Kò sí ojú. Apá ni, a ò mọ apá ta ni, àti ìlú tó ṣófo.

Nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tó jẹ́ pé òun ló ń dá mi lára yá jù. Àwọn ará Prague tú bọ́ọ̀dù orúkọ àdúgbò kúrò lára ògiri, wọ́n yọ nọ́ńbà ilé, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kí sójà tó bá ń wá ẹnì kan tàbí iléeṣẹ́ kan máa rìn gbéregbère nínú ìlú tí ò lórúkọ. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìlú odidi fi orúkọ ara ẹ̀ pamọ́ kí wọ́n má baà rí àwọn ọmọ ẹ̀ mú. Ẹ máa wò ó, ohun tí Koudelka náà padà ṣe nìyẹn.

Torí pé lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n ti kó Dubček àtàwọn èèyàn ẹ̀ lọ sí Moscow, wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ 26, wọ́n sì dá wọn padà. Sójà Soviet ò lọ. Oníwèé ìròyìn ò lè tẹ ohun tó bá wù ú mọ́. Ní oṣù kìíní 1969 sítúdẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Jan Palach dáná sun ara ẹ̀ ní orí Václavské náměstí yẹn náà láti fi hàn pé kò tíì tán nínú àwọn. Nínú irú ìlú tó ti dà báyìí, Koudelka jókòó ti fíìmù tó ti fọ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Anna Fárová lẹni tó ṣí ọ̀nà. Obìnrin yìí ni àgbà nínú àwọn tó ń kọ̀wé lórí fọ́tò ní Prague, ó ti mọ Koudelka láti nǹkan bí 1961, òun náà ni wọ́n padà lé níṣẹ́ nígbà tó tọwọ́ bọ ìwé Charter 77, ìwé tí wọ́n fi ní kí ìjọba Kọ́múníìsì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kẹ́ ẹ lè mọ irú èèyàn tó jẹ́. Eugene Ostroff, tó ń bójú tó fọ́tò ní mùsíọ́mù Smithsonian ní Amẹ́ríkà, wá sí Prague, Fárová fi fọ́tò hàn án. Ostroff gbé díẹ̀ lọ, ó fi han Elliott Erwitt tó jẹ́ ààrẹ Magnum, ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò yẹn. Erwitt rí i, ó ní ṣé a lè rí négátíìfù gan-an, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò. Wọ́n yọ́ négátíìfù kó jáde ní Czechoslovakia. Ẹ̀yin ọmọ ayé fóònù, ẹ ronú sí i o: kò sí kọ́pì kankan nínú ìkùukùu íntánẹ́ẹ̀tì kankan, négátíìfù kan ṣoṣo ló wà, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e ní bọ́dà, ọjọ́ méje yẹn ti lọ pátápátá nìyẹn.

Wọ́n gbé fọ́tò náà jáde ní oṣù kẹjọ 1969, tó pé ọdún kan géérégé. Lábẹ́ ẹ̀, P.P. Ìyẹn ni Prague Photographer, onífọ́tò Prague, bí ìgbà téèyàn bá ní ọmọ ìlú báyìí ló ṣe é. Lọ́dún yẹn náà, Overseas Press Club ní Amẹ́ríkà fún onífọ́tò Czech tí kò lórúkọ ní góòlù Robert Capa, àmì ẹ̀yẹ tó jẹ́ ti ẹni tó ya fọ́tò nínú ewu.

Ibi tí Koudelka wà nígbà tí fọ́tò jáde ló pa mí lẹ́rìn-ín tó tún dùn mí. Lọ́ńdọ̀nù ló wà! Ó bá ẹgbẹ́ tíátà ẹ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday yẹn ó jáde, ó bá àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n tẹ orí ba mágásíìnì Sunday Times, wọ́n ń wo fọ́tò ìlú wọn, wọ́n gbé e fún un pé kí òun náà wò ó. Ó gbà á, ó wò ó. Kí ló máa sọ? Kò lè sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn tó ń bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń padà sílé, àti pé ohun téèyàn ò mọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ìbéèrè gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Àwa tí à ń ya fọ́tò òde, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí, a máa ń kọ orúkọ sára fọ́tò tóbi débi pé nígbà míì ó kọjá lórí imú ìyàwó. Tí ẹnì kan bá gbé fọ́tò wa láì dárúkọ wa, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń jà lórí ẹ̀, èmi náà ti jà bẹ́ẹ̀ rí, mi ò lè purọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe kà nípa Sunday yẹn tí mo sì pa ìwé dé. Mi ò rò pé mo lè ṣe é. Màá ti wí fún ẹnì kan ó kéré tán, màá ní kó má sọ fún ẹlòmíì, òun náà á sì sọ fún ẹnì kan péré.

Ó jáde ní Czechoslovakia ní 1970 pẹ̀lú físà oṣù mẹ́ta, pé òun ń lọ ya àwọn Roma ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, Magnum ló bá a kọ ìwé. Físà parí, kò padà. Ìlú Ọba gbà á sílẹ̀ bí ẹni tó sá wá, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Magnum ní 1971. Ẹ máa retí pé nísinsìnyí á pariwo, àbí? Ó ti kúrò lábẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ kàn án. Rárá. P.P. ló ń jẹ́ lọ, torí ilé ò sá tẹ̀ lé e. Bàbá ẹ̀ wà nílé, ẹbí ẹ̀ wà nílé, ìjọba tí fọ́tò yẹn ń bí nínú sì mọ ilé wọn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Magnum ló fẹ́ràn P.P. yẹn, pé àdììtú ń ta ọjà. Ó lè tà á o, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá fi ọdún sí i, ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró. Ta ni yóò fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ta àdììtú? Lóṣù mélòó kan, ayé ti gbàgbé láti béèrè. Iṣẹ́ tí P.P. ń ṣe lẹ́yìn 1970, ìdènà ló jẹ́, bíi bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi dí Vinohradská, ó kàn jẹ́ pé bọ́ọ̀sì yẹn dúró pẹ́ ni.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, báwo ló ṣe ń gbé? Kò ní ilé gidi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rìn, Spain, Ireland, Italy, ó tẹ̀ lé ọdún ìbílẹ̀ àti àwọn Roma káàkiri, inú àpò ìsùn ló ń sùn sí níta, tó bá di ìgbà òtútù á padà wá fọ fíìmù, ilẹ̀ ọ́fíìsì Magnum sì ti gbà á sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò gba iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi owó rán an, ohun tó bá wù ú ló ń yà. Ìwé ìrìnnà tó ń gbé kọjá bọ́dà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dájú ọmọ orílẹ̀-èdè wo ló jẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn náà ṣe orúkọ àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe fún un ní Chicago ní 2014. Fọ́tò ò lórúkọ, ẹni tó yà á ò nílùú.

Bàbá ẹ̀ kú. 1984 dé. Lọ́dún yẹn, nígbà tí Hayward Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́tò Prague hàn sábẹ́ orúkọ ẹni tó yà wọ́n. Ọdún yẹn náà ni ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ mi yìí jáde ní Paris, orúkọ ẹ̀ wà ní iwájú. Ẹ rántí pé mo ní ká fi ọdún yẹn sọ́kàn.

Ohun tí mo rò nípa irú ìwé kékeré yìí nìyí, ẹni tí kò bá gbà kó má gbà. Nígbà tí orúkọ Koudelka jáde tán, ọjọ́ méje yẹn fẹ́ gbé gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ mì. Ibi yòówù kí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀, tánkì ló ń kọ́kọ́ yọjú. Nínú ìwé tí ò ju ọgọ́ta fọ́tò lé díẹ̀ lọ, kò sí bí ọjọ́ méje ṣe fẹ́ rí àyè jókòó bí ọba. Téèyàn bá to iṣẹ́ ọdún ogún ó lé sínú irú àyè bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méje á di ọjọ́ méje. O máa wá rí i pé obìnrin Roma tó ń ṣọ̀fọ̀ ní Slovakia àti obìnrin tó ń sunkún ní Prague, ojú kan náà ló fi wò wọ́n, ibi kan náà ló dúró sí, nítòsí, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ohun ìran. Nígbà tó sì jẹ́ pé orílẹ̀-èdè àti ọdún nìkan ló máa ń gbà kí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò, o ò ní rí ibi tí wọ́n á ti sọ fún ẹ pé ibí yìí ni kó o ti pariwo.

Àléébù ẹ̀ wà o. Lẹ́ńsì gbígbòòrò ń kó nǹkan kéékèèké sínú fọ́tò, ọmọdé tó wà ní igun, ọwọ́ tó yọ níbì kan, ní ojú ewé tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àfi kéèyàn gbé e sún mọ́ ojú. Láti 1986 sì rèé ló ti bọ́ sórí kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò gbọọrọ, èyí tí ìbú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga ẹ̀, ilẹ̀ tí iṣẹ́ kúsà bàjẹ́ ní àríwá Bohemia, àwókù ìlú àwọn Gíríìkì àti Róòmù, ògiri tí Israel kọ́. Tí wọ́n bá tẹ ìyẹn sínú ìwé àpò, okùn bàtà ló máa jọ. Fún ti ìyẹn, ẹ lọ ra ìwé ràgàjì, mi ò ní bá yín jà.

Ẹnì kan wà tí mo máa ń rántí tí mo bá ti dé 1984. Ladislav Bielik, onífọ́tò ìwé ìròyìn ní Bratislava. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹjọ 1968 yẹn, òun ló ya ọkùnrin tó ya aṣọ, tó ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu níwájú ẹnu ìbọn tánkì. Ẹ ti rí fọ́tò yẹn, bóyá ẹ tiẹ̀ rò pé Prague ni. Ó káàkiri ayé láìsí orúkọ Bielik lábẹ́ ẹ̀, kò sí Magnum, kò sí P.P., kò sí góòlù Capa. Ní 1984 ó kú níbi tó ti ń ya fọ́tò eré mọ́tò ní Hungary, Kọ́múníìsì ṣì wà lórí àlééfà, ẹ̀yìn tí wọ́n ṣubú ní 1989 ni orúkọ ẹ̀ tó padà sára fọ́tò ẹ̀. Ọdún kan náà ni Koudelka gba orúkọ ẹ̀ padà.

Koudelka ti di ọmọ Faransé láti 1987. Ní 1990 ló tó tún fẹsẹ̀ tẹ Czechoslovakia, ogún ọdún gbáko. Ní 2008, tó pé ogójì ọdún, wọ́n wá tẹ ọjọ́ méje yẹn lódindi nínú ìwé kan tí fọ́tò ẹ̀ tó bíi 250, àwọn ará Prague tó wà nínú ẹ̀ lè wá ojú ara wọn, tàbí ojú ìyá wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ṣì ni mò ń gbé kiri. Mo máa ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì, mo sì máa ń ronú sí ọjọ́ tó padà dé ní 1990 yẹn, tó ń rìn ní Vinohradská, tí bọ́ọ̀dù orúkọ àdúgbò ti wà lára ògiri tipẹ́tipẹ́.